Wọ́n ní kí bàbá mi lọ ṣe "flow cytometry", kí ni wọ́n tún fẹ́ wò?

Àdùkẹ́_Ìtokú

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ọmọ Lísàbí. Ẹ jọ̀ọ́ mo fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ kan, bóyá a máa rí ẹni tó ti ṣe é rí tàbí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní lábù láàárín wa. Bàbá mi ti pé ẹni ọdún 68, ara wọn le dáadáa, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn lọ sí Sápọ̀n láràárọ̀ lọ ra ìwé ìròyìn. Oṣù tó kọjá ni mo ń bá wọn gé irun, mo wá fọwọ́ kan kókó méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn wọn lápá òsì, kò dùn wọ́n rárá, téèyàn bá tẹ̀ ẹ́ á máa yọ̀ lábẹ́ ìka bíi kóró àgbálùmọ̀. Àwọn fúnra wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

A lọ sí ọsibítù, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n ní sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ 46,000, pé ti èèyàn kì í sábà kọjá 11,000. Mo ní bóyá wọ́n ṣi í kà ni. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì a tún un ṣe, ó di 47,000, wọ́n ní èyí tí wọ́n ń pè ní límfósáìtì ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ni dókítà bá kọ ọ́ sórí ìwé pé ká lọ ṣe flow cytometry, pé wọ́n á gbé ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún jáde kúrò l'Ábẹ́òkúta. Nígbà tí wọ́n pe iye owó rẹ̀, mo ní kí wọ́n tún un pè.

Àǹtí mi ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ni, pé Ifẹ̀ ni wọ́n ti ń fún èèyàn lóògùn ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ká máa gbé wọn lọ tààrà, ká yé fi tẹ́ẹ̀sì ṣòfò. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní owó ni dókítà ń wá, pé ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti kà lẹ́ẹ̀mejì, kí ni wọ́n tún fẹ́ kà nínú ẹ̀? Èmi ò mọ èyí tí mo lè gbà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni tẹ́ẹ̀sì yìí ń rí tí èyí tá a ti ṣe ò rí? Ṣé dandan ni kí wọ́n gún wọn ní egungun ìbàdí? Ṣé a sì lè dúró di ẹ̀yìn Iléyá kí owó kan wọlé?

Bọ̀dá_Pańṣẹ́kẹ́

Ẹ kú wàhálà àbúrò. Mi ò fẹ́ dá ẹ̀rù bà yín o, àmọ́ ẹ̀rọ tẹ́ ẹ dárúkọ yìí, ṣebí òun ni wọ́n fi ń ka CD4, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbèjà ara, fún àwọn tó ní HIV? Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gba oògùn máa ń sọ ọ́ nígbà yẹn. Ẹ rọra bi dókítà léèrè ohun tó ń fura sí gan-an, torí àwọn míì kì í là á mọ́lẹ̀.

Onílábù_Aṣèrò

Bọ̀dá, ẹ má bínú, ẹ má kó ìpayà wọ ilé onílé. Lóòótọ́ wọ́n ń fi ẹ̀rọ yẹn ka CD4, àmọ́ ọ̀bẹ tí wọ́n fi gé iṣu náà ni wọ́n fi ń gé ẹran. CD4 tẹ́ ẹ gbọ́ yẹn, ohun tó jẹ́ ká mọ̀ ọ́n dáadáa ní Nàìjíríà ni pé òun ni wọ́n fi ń pinnu ẹni tó máa bẹ̀rẹ̀ oògùn HIV nígbà kan, kí WHO, àjọ ìlera àgbáyé, tó sọ lọ́dún 2015 pé kí gbogbo ẹni tí wọ́n bá ti rí i lára rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ oògùn láìdúró de CD4 kankan. Wọ́n ṣì ń kà á dòní o, torí ẹni tí tiẹ̀ bá wálẹ̀ ju 200 lọ nílò àmójútó míì. Ṣùgbọ́n ti bàbá Àdùkẹ́ ò jọ èyí rárá.

Àdùkẹ́, ìbéèrè ẹ̀gbọ́n yín yẹn dára, kì í ṣe ìbéèrè òmùgọ̀, ó kàn jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ń dá wa lóhùn nílé ìwòsàn ni. Ẹ̀rọ tó ka ẹ̀jẹ̀ bàbá lẹ́ẹ̀mejì, iye ló mọ̀. Wallace Coulter ará Amẹ́ríkà ló gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọgbọ́n yẹn lọ́dún 1953: sẹ́ẹ̀lì á gba ihò tóóró kan kọjá nínú omi tí iná mànàmáná ń gbà, iná á yí padà fìrí, ẹ̀rọ á ní ọ̀kan, òmíràn á kọjá, á ní èjì. Títí dòní, irú ọgbọ́n yẹn ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ń ka ẹ̀jẹ̀ fún wa ṣì ń lò. Ó lè sọ fún yín pé èèyàn 46,000 ló kún gbọ̀ngán, kò lè sọ bóyá àlejò láti ìlú oríṣiríṣi ni wọ́n tàbí ọmọ ìyá kan ṣoṣo.

Ohun tí fúlò (báyẹn la ṣe ń pè é lábù) ń wò nìyẹn. Ẹ ṣáà mọ̀ pé láyé àtijọ́, bẹ́ ẹ bá ti rí ilà ojú èèyàn, ẹ ti mọ ibi tó ti wá kó tó la ẹnu. Sẹ́ẹ̀lì náà ní ilà lára, ilà yẹn ni wọ́n ń fún ní nọ́ńbà, CD3, CD4, CD19, ó ti lé ní 350 báyìí, ọdún 1982 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to nọ́ńbà yẹn nílùú Paris torí pé lábù kọ̀ọ̀kan ń sọ nǹkan kan náà lórúkọ tiẹ̀. Wọ́n á da àwọn èròjà kéékèèké tí wọ́n ń pè ní ańtíbọ́dì, tí wọ́n ti so àwọ̀ mọ́, sínú ẹ̀jẹ̀ náà. Ańtíbọ́dì kọ̀ọ̀kan ò mọ̀ ju ilà kan lọ. Bó bá rí i á lẹ̀ mọ́ ọn, bí kò bá rí i, wọ́n á fi omi ṣàn án dànù.

Lẹ́yìn náà wọ́n á gbé e sẹ́nu ẹ̀rọ. Ẹ rántí ilẹ̀kùn báńkì tó jẹ́ pé ẹnì kan ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan, téèyàn á dúró sáàárín dígí méjì kí iná àwọ̀ ewé tó tàn fún un? Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Omi ń ṣàn yí sẹ́ẹ̀lì ká, ó ń fún wọn sáàárín títí wọ́n á fi tò tẹ̀ lé ara wọn, lésà á sì tàn sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan ní ojú ibẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó gba iwájú lọ á sọ bí sẹ́ẹ̀lì ṣe tóbi tó, èyí tó fọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ á sọ bóyá inú rẹ̀ kún fún wóró-wóró, àwọ̀ tó bá sì tàn á sọ ilà tó kọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún sẹ́ẹ̀lì ló ń gba ibẹ̀ kọjá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó ń fi ojú wo máíkírósíkóòpù, bó dára tó, kò lè ṣe ìyẹn, àwọn límfósáìtì sì jọra wọn lójú máíkírósíkóòpù bí ọmọ iléèwé tó wọ yúnífọ́ọ̀mù.

Ibi tó wá kan bàbá gan-an rè é. Irú límfósáìtì kan wà tí wọ́n ń pè ní B, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn máa ń ní àmì kan nínú méjì, kappa tàbí lambda, kì í ní méjèèjì. Lára ẹni tí ara rẹ̀ dá, méjèèjì máa ń dàpọ̀, kappa á tó nǹkan bí ìlọ́po méjì lambda. Bí ara bá ń bá kòkòrò jà, B á pọ̀ sí i, àmọ́ wọ́n á ṣì dàpọ̀ bẹ́ẹ̀, torí ẹbí oríṣiríṣi ló dìde. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ló yàwàrà tó wá ń bí ara rẹ̀ lọ, gbogbo wọn á jẹ́ kappa, tàbí kí gbogbo wọn jẹ́ lambda. Ọmọ ìyá kan! Kò sí bẹ́ ẹ ṣe lè fi kíkà nìkan mọ ìyẹn, kẹ́ ẹ kà á nígbà ọgọ́rùn-ún. Nílẹ̀ wa níbí sì ni ọ̀rọ̀ yẹn ṣe pàtàkì jù, torí ibà tó ti pẹ́ lára máa ń mú ọlọ inú wú nígbà míì, á sì mú límfósáìtì pọ̀ débi tó fi máa jọ jẹjẹrẹ, oògùn ibà sì ni ìyẹn ń fẹ́. Èèyàn á wá lọ gba oògùn jẹjẹrẹ sí ibà lára.

Egungun ìbàdí: sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń wá ti kún inú ẹ̀jẹ̀ bàbá fọ́fọ́, ẹ̀jẹ̀ apá sábà máa ń tó fún irú èyí. Ìgbà tí ohun tí wọ́n ń wá bá fara pamọ́ sínú mùdùnmúdùn egungun ni wọ́n ń gún ìbàdí.

Ti Ifẹ̀, àǹtí yín gbọ́ ọ̀rọ̀ o, àmọ́ wọ́n gbọ́ ìdajì. Oògùn Glivec tí wọ́n ti ń fún èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́ níbẹ̀ tipẹ́, CML, irú jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ kan, ló wà fún. Tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n fi ń mọ CML yàtọ̀, BCR-ABL ni, ìyẹn jíìnì méjì tó so pọ̀ lọ́nà òdì, kì í sì í ṣe límfósáìtì ló ń pọ̀ níbẹ̀. Ohun tó jọ pé dókítà yín ń fura sí ni CLL, jẹjẹrẹ límfósáìtì B, lẹ́tà kan péré ni wọ́n fi yàtọ̀, oògùn wọn ò pàdé rárá.

Ṣé ẹ lè dúró di ẹ̀yìn Iléyá? Ẹ bi dókítà, òun ló fọwọ́ kan bàbá. Ká ní ọmọdé ni, tàbí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní èrìgì rẹ̀, tí ibà ò sì lọ, màá ní kẹ́ ẹ gbéra nísinsìnyí kẹ́ ẹ lọ yá owó. Àgbàlagbà tó ń rìn lọ sí Sápọ̀n, tí nọ́ńbà rẹ̀ ò kúrò lójú kan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ìyẹn sábà máa ń rọra rìn ni.

Mọ̀mí_Kútọ̀

Àdùkẹ́ ọmọ mi, Ọlọ́run á bá wa wo bàbá sàn. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ kó má bàa ṣe yín. Àbúrò mi obìnrin ni wọ́n ní kó ṣe é, tiẹ̀ le ju ti bàbá lọ, inú mùdùnmúdùn egungun ni wọ́n ti gbà á, ó sunkún lọ́jọ́ náà débi tí nọ́ọ̀sì tó dì í lọ́wọ́ mú fi ń sunkún. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, ọwọ́ ìrọ̀lẹ́. Lábù kan nígboro níbí, mi ò ní dárúkọ wọn, ni wọ́n ní àwọn máa bá wa fi ránṣẹ́. Ọ̀gbẹ́ni tó gbà á lọ́wọ́ mi, ó ti gbé báàgì kọ́ èjìká tó fẹ́ máa lọ sílé, ó ṣí fírísà wàà, ó tì í bọ inú ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ omi inú ọ̀rá, ó ní tó bá di Mọ́ńdè ó máa lọ. Èmi ìyá olóúnjẹ, mo mọ̀ pé fírísà ni kì í jẹ́ kí ẹran bàjẹ́, mo tún kí i pé ó ṣeun!

Ọjọ́ Wẹsidé ni wọ́n pè wá. Wọ́n ní gbogbo sẹ́ẹ̀lì ti kú, wọ́n ti bẹ́, kò sí ohun tí ẹ̀rọ lè kà. Wọ́n tún gún ọmọ yẹn lẹ́ẹ̀kejì. Títí dòní tí mo bá rí fírísà tó ṣí sílẹ̀, ara mi máa ń bù máṣọ.

Ẹ̀ẹ̀kejì yẹn mi ò gbẹ́kẹ̀ lé ẹnikẹ́ni, èmi fúnra mi ni mo gbé e wọ mọ́tò ní Kútọ̀ ní aago mẹ́fà àárọ̀, nínú kúlà kékeré tí kò sí yìnyín kankan nínú ẹ̀, ó wà lórí itan mi títí tá a fi dé, mi ò jẹ́ kí kọ̀ńdọ́ kó o sínú búùtù. Rìsọ́ọ̀tù jáde, ALL ni wọ́n pè é, irú jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ tó máa ń yára. Lẹ́yìn tó gba oògùn oṣù àkọ́kọ́, wọ́n tún fi ẹ̀rọ kan náà wá èyí tó kù nínú ara rẹ̀, dókítà ní ó lè rí sẹ́ẹ̀lì burúkú ẹyọ kan láàárín 10,000. Àbúrò mi yẹn wà níbí, ó ń bá mi bu ọ̀fadà fún oníbàárà bí mo ṣe ń tẹ èyí lọ́wọ́.

Onílábù_Aṣèrò

Mọ̀mí, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ ò mọ bí inú ṣe ń bí mi tí mo ń kà á. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ ọ́, torí mo gbàgbé. Àdùkẹ́, ìgò tí orí rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ elése àlùkò ni wọ́n sábà máa ń gbà á sí, kó má rí yìnyín, kó má sì jókòó sínú oòrùn, kó dé ọ̀dọ̀ wọn kí wákàtí 48 tó pé, 24 ló tiẹ̀ dáa jù. Mọ́ńdè tàbí Túsìdeè ni kẹ́ ẹ gbà á. Ẹ tún fi rìsọ́ọ̀tù ẹ̀jẹ̀ tẹ́ ẹ ti ṣe tẹ́lẹ̀ sí i, kí dókítà sì kọ ohun tó ń fura sí gan-an sórí fọ́ọ̀mù, ọjọ́ orí, kókó ọrùn, gbogbo ẹ̀. Ohun tí wọ́n bá kà níbẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ ańtíbọ́dì tí wọ́n máa dà sí i. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n kàn kọ "flow" sí gbàgàdà, tí kò sí ọ̀rọ̀ míì, owó ló ń jẹ dànù.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ọbàntokò

Ẹ ṣeun gan-an ẹ̀yin àgbà. Èmi kì í ṣe dókítà o, ìwádìí ibà ni mò ń ṣe, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ mi débi tí mi ò lè dákẹ́. Àwa náà ń lo fúlò. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ tó ti dàgbà kì í ní DNA nínú, kòkòrò ibà ní tiẹ̀, nítorí náà tá a bá da àwọ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ DNA sí i, èyí tí kòkòrò ti wọ̀ nìkan ló máa tàn. Ẹni tó ti fi ojú ka ibà lórí síláìdì títí ọrùn fi dùn ún ló máa mọ adùn ìyẹn.

Ohun tó ń dá wa láàmú ni pé àwọ̀ máa ń ta sí ara wọn. Ẹ wo àwọn ìyá aládìrẹ ní Ìtokú, aró tẹ́ ò bá fi ẹ̀kọ dí dáadáa á yọ́ lọ síbi tẹ́ ò fẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọ̀ ewé ṣe máa ń yọ lọ sínú ojú ẹ̀rọ tó ń wo àwọ̀ ọsàn, ẹ̀rọ á ní sẹ́ẹ̀lì kan kọ ilà méjì, irọ́ ni, ẹyọ kan ló kọ. A gbọ́dọ̀ yọ ìyẹn kúrò pẹ̀lú ìṣirò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń ṣe ìyẹn lọ́nà òdì kí ọ̀gá mi tó rí i.

Ohun míì tí mo fẹ́ràn nínú ìtàn ẹ̀: Mack Fulwyler lọ́dún 1965 ní Amẹ́ríkà, ọgbọ́n tí wọ́n fi ń ta yíǹkì sórí pépà ló yá tó fi ń ya sẹ́ẹ̀lì sọ́tọ̀, ẹ̀kán omi kọ̀ọ̀kan á gba iná díẹ̀, á yà sápá ọ̀tún tàbí òsì. Wolfgang Göhde ní Jámánì ṣe èyí tó ń fi àwọ̀ títàn wo sẹ́ẹ̀lì lọ́dún 1968, àwọn Leonard Herzenberg ní Stanford náà wá pa àwọ̀ títàn pọ̀ mọ́ yíyà sọ́tọ̀. Ẹ má bínú tí mo ya kúrò lójú ọ̀nà.

Àdùkẹ́_Ìtokú

Ẹ káalẹ́ o. Mo ti padà dé, ó lé ní ọ̀sẹ̀ méjì. A ò dúró de Iléyá, ẹ̀gbọ́n mi tó ń pariwo yẹn gan-an ló mú owó tó pọ̀ jù wá lẹ́yìn tó ka ọ̀rọ̀ yín. Mo gbé ẹ̀jẹ̀ náà lọ fúnra mi bí Mọ̀mí Kútọ̀ ṣe wí, lórí itan. Rìsọ́ọ̀tù ti jáde, ojú ìwé mẹ́ta, wọ́n kọ CD19 ó wà, CD5 ó wà, CD23 ó wà, CD20 ó tàn díẹ̀, kappa nìkan. Ọjọ́bọ̀ la máa rí dókítà, mi ò sì lè sùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kà á.

Onílábù_Aṣèrò

Dókítà ló ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, àmọ́ mi ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ máa ṣàìsùn di Ọjọ́bọ̀. Kappa nìkan, ọmọ ìyá kan nìyẹn, kì í ṣe ibà. CD19 ni ilà B. CD5, ilà àwọn límfósáìtì míì tí wọ́n ń pè ní T ni èèyàn mọ̀ ọ́n sí, tẹ́ ẹ bá wá rí i lójú B tó pọ̀ tó báyìí, ó ní ilé tó ti wá. Jẹjẹrẹ B méjì ló sábà ń kọ ọ́, ọ̀kan máa ń yára ju èkejì lọ, CD23 ni wọ́n sì fi ń yà wọ́n. Èyí tó yára kì í sábà ní in. Ti bàbá ní in, CD20 rẹ̀ ò sì tàn gan-an, ó jọ CLL, èyí tó máa ń rọra.

Nísinsìnyí ẹ wo rìsọ́ọ̀tù ẹ̀jẹ̀ ti àkọ́kọ́, ibi tí wọ́n kọ hemoglobin (ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pupa) àti platelet (ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì) sí. Mélòó ni?

Àdùkẹ́_Ìtokú

Hemoglobin 13.1, platelet 210,000.

Onílábù_Aṣèrò

Méjèèjì dáa. Ẹ bi dókítà bóyá ṣíṣọ́ ni wọ́n máa kàn máa ṣọ́ ọ, kó má yà yín lẹ́nu tí wọ́n bá ní kò sí oògùn kankan fún ìsinsìnyí. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní CLL ló ń pẹ́ kí wọ́n tó nílò ìtọ́jú, àwọn míì ò nílò rẹ̀ rárá. Bó bá sì di ọjọ́ kan tí wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ oògùn, ẹ rí i pé wọ́n kọ́kọ́ yẹ hepatitis B (àrùn ẹ̀dọ̀) wò, torí ó máa ń jí lójú oorun lára ẹni tó bá ń gba àwọn kan nínú oògùn yẹn.

Àdùkẹ́_Ìtokú

A ti lọ, a ti bọ̀. CLL ni. Dókítà ní ká padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta fún ẹ̀jẹ̀ àti kókó ọrùn, kò sí oògùn, tí wọ́n bá ń rù tàbí tí òógùn ń bò wọ́n lóru ká má dúró de oṣù mẹ́ta. Àǹtí mi ò gbà, wọ́n ní dókítà wo ló máa rí jẹjẹrẹ tó máa ní kéèyàn máa lọ sílé.

Bàbá fúnra wọn ní kí n mú ìwé yẹn wá káwọn rí i. Wọ́n wo àwọn àwòrán tó kún fún àmì tó-tò-tó lórí ẹ̀ títí, ìyá wọn aláró ni ní Ìtokú, wọ́n gbé e súnmọ́ iná, wọ́n bi mí pé ta ló ta aró sí i báyìí láìfi ẹ̀kọ dí i. Àárọ̀ yìí wọ́n ti lọ sí Sápọ̀n.